Ọmọ Mi Ń Mi Orí, Ó Ń Gbọ̀n, Ó Ń Ju Ọwọ́: Ṣé Kò Sí Wàhálà?

Lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ lóṣù yìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló dá lórí nǹkan kan náà: ọmọ ń ṣe nǹkan kan léraléra, àwọn òbí ò wá mọ̀ bóyá eré ni àbí àìsàn. Mo mú mẹ́rin jáde. Èyí tó ṣáájú yìí, a ò dúró kí ìwé ìròyìn jáde ká tó dá a lóhùn, ọjọ́ tó dé ọwọ́ wa la ti pe ìyá ọmọ náà lórí fóònù, òun fúnra ẹ̀ ló ní ká tẹ̀ ẹ́ jáde kí àwọn míì lè rí i kà.

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin mi ti lé díẹ̀ lóṣù mẹ́fà. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń rí i pé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí báyìí, á kàn dédé tẹ orí síwájú, á na ọwọ́ méjèèjì bíi pé ó fẹ́ dì mọ́ mi, kí n tó ṣẹ́jú ó ti dẹ̀, á tún ṣe é, á tún ṣe é, nígbà míì ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀, tó bá parí á wá bú sẹ́kún. Ìyá ọkọ mi ní inú ló ń run ún, wọ́n ti ra oògùn inú rírun fún un. Níbi tí mo gbé e lọ, wọ́n ní eyín ni, pé kò sí ohun tí ọmọ tó ń yọ eyín kì í ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó máa ń rẹ́rìn-ín sí bàbá ẹ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀, kò ṣe é mọ́. Ó ti ń jókòó díẹ̀díẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí mo bá gbé e jókòó báyìí ńṣe ló ń ṣubú.
Ìyá Ọmọ, Iléṣà

Ìdáhùn:

Ìyá ọmọ wa, ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù náà ni mo tún ń sọ níbí: ẹ má tì í sórí eyín, ọmọ yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé lónìí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé àìsàn báyìí ni, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò ló máa sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, pé ó ń wá ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, pé ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ló pọ̀ jù, àti ní pàtàkì pé ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó jọ irú gìrì kan tí àwọn dókítà ń pè ní infantile spasms, tí wọ́n tún ń pè ní West syndrome. Gìrì yìí kì í ṣe bíi ti ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná, kò sí pé ara le gan-an fún ìṣẹ́jú púpọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì péré ló máa ń gbà, á dáwọ́ dúró díẹ̀, òmíràn á tún dé.

West tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é yẹn, dókítà ni, William James West lorúkọ ẹ̀, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1841 ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí wọ́n ń pè ní The Lancet, ó ń bẹ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n gba òun nímọ̀ràn, ọmọ bíbí inú ẹ̀ ló ń ṣe é, ó ń mi orí síwájú bíi ti ọmọ yín yìí. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, òun rò pé àṣà lásán tí ọmọdé ń dá ni. Tí dókítà bá lè rò bẹ́ẹ̀ nípa ọmọ ara ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí ìyá tàbí ìyá ọkọ tó pè é ní inú rírun. Lásìkò West, kò sí oògùn tó ràn án. Lónìí oògùn wà: abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ACTH, prednisolone wà, vigabatrin náà wà, dókítà ló mọ èyí tó yẹ ọmọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìtọ́jú bá ṣe yá tó ni àǹfààní ọmọ ṣe máa pọ̀ tó, torí ní gbogbo ìgbà tí gìrì yìí bá fi ń ṣe ọmọ, ọpọlọ ẹ̀ ò ráyè kọ́ nǹkan tuntun.

Wọ́n á fẹ́ ṣe àyẹ̀wò kan tó ń jẹ́ EEG, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹ̀ bà yín, wáyà kéékèèké ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ọmọ lórí láti fi mọ bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, kò ní dùn ún rárá. Wọ́n tún máa bi yín bí ìbí ẹ̀ ṣe rí, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ o. Tí kò bá tètè sunkún nígbà tí ẹ bí i, tàbí wọ́n fún un ní ọ́síjìn, tàbí ó ní ibà pọ́njú tó le ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ sọ. Iléṣà tí ẹ wà yìí, Wesley Guild tó jẹ́ ẹ̀ka ọsibítù Yunifásítì Ifẹ̀ wà nítòsí yín, ibẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ.

Fídíò ṣe pàtàkì. Ọmọ lè má ṣe é níwájú dókítà, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tan iná yàrá, ẹ ká aṣọ kúrò kí apá àti ẹsẹ̀ hàn, kí ojú ẹ̀ náà hàn, ẹ jẹ́ kí fídíò náà máa lọ láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ títí á fi parí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fídíò yẹn ni kí ẹ fi hàn wọ́n kí ẹ tó dìde níbẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ọmọ ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì jókòó mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n tètè dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin tó ń kà á tí ọmọ yín ṣì kéré, ẹ má fi èyí dárú mọ́ bí ọmọ tuntun ṣe máa ń ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá gbá tàbí tí ẹ bá tètè gbé e lélẹ̀, tó máa fọ́n ọwọ́ méjèèjì síta, á tún kó wọn mọ́ra. Ìyẹn dára, gbogbo ọmọ tuntun ló ń ṣe é, nǹkan kan ló ń fà á, ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì yẹ kó ṣì wà tí ọmọ bá ti kọjá oṣù mẹ́fà.

Ìbéèrè:

Mà, ọmọ mi ọkùnrin, ó di oṣù mẹ́sàn-án báyìí. Tí alẹ́ bá ti lẹ́ tí oorun ti ń kùn ún, á bẹ̀rẹ̀ sí mi orí sọ́tùn-ún sósì, tó bá yá á fi ọwọ́ àti orúnkún dúró, á máa mì síwá sẹ́yìn, orí ẹ̀ á máa gbá kọ́ọ̀tì gbì gbì gbì, àwọn ará ilé kejì ń gbọ́ ọ. Ìyá mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní gìrì ló ń bọ̀ yẹn, wọ́n ti ní kí wọ́n lọ bá àwọn wá àgbo tó ní ìtọ̀ màálù wá láti abúlé kó wà nílé. Ọkọ mi ní tiẹ̀ ka nǹkan lórí fóònù, ó ní ọ́tísíìmù ni, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tí bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ àti ṣeré fi máa ń ṣòro fún un. Mi ò mọ èyí tí mo máa gbọ́, mi ò tiẹ̀ sùn mọ́.
Ìyá Ayọ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn:

Ìyá Ayọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Ohun tí ẹ kọ yìí, kò jọ gìrì, ẹ sì lè sùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin oṣù 6 sí 9, bí wọ́n bá sì fi máa di ọmọ ọdún 3 tàbí 4 ọ̀pọ̀ ti fi sílẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń pọ̀n ọ́n tí ẹ ń jó o lẹ́yìn títí tó fi ń sùn? Ara ọmọ ti mọ̀ pé mímì máa ń mú oorun wá, ó wá ń fúnra ẹ̀ mi ara ẹ̀.

Obìnrin onímọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà, Esther Thelen, ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 1979 ni mo máa ń sọ fún àwọn ìyá tó bá ń bẹ̀rù báyìí. Ọmọ 20 tí ara wọn le ló ń wò láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin títí wọ́n fi pé ọdún kan, ó sì kọ oríṣi ìmìra 47 sílẹ̀: títa ẹsẹ̀, mímì lórí orúnkún, fífi ọwọ́ gbá nǹkan, gbogbo ẹ̀ léraléra. Ohun tó tún rí ni pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀, ó ń bá bí ara ọmọ ṣe ń gbó lọ. Ọmọ tó ń mì lórí ọwọ́ àti orúnkún, kò ní pẹ́ rákòrò. Ara ọmọ ń fi dánra wò ni, bí ẹni tó ń kọ́ ìlù tó ń lu ohùn kan náà títí ọwọ́ ẹ̀ á fi dá a mọ̀.

Ẹ wá fi èyí yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín lálẹ́ òní. Tó bá ń mì, ẹ pe orúkọ ẹ̀, ẹ gbé e. Tó bá wò yín, tó dáwọ́ dúró, tó fẹ́ ọmú tàbí tó bínú pé ẹ dí òun lọ́wọ́, ọpọlọ ẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló ń darí ara ẹ̀. Ọmọ tí gìrì ń ṣe ò lè dá yín lóhùn, ẹ pè é títí, kò gbọ́, tí ẹ bá sì di ọwọ́ ẹ̀ mú, ọwọ́ yẹn á ṣì máa jà nínú ọwọ́ yín. Ìyàtọ̀ yẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Orí tó ń gbá kọ́ọ̀tì ò ní ba ọpọlọ ẹ̀ jẹ́. Ẹ ṣáà fa kọ́ọ̀tì yẹn kúrò lára ògiri, kí ẹ máa dì í le lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ torí mímì yẹn máa ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ dákun, ẹ má fi ìrọ̀rí tàbí aṣọ tó nípọn dí i yíká o, ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú ìrọ̀rí, ó lè bò ó nímú. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀sán gangan ló ń gbá orí mọ́lẹ̀, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, tàbí tó ń di etí mú tí ara ẹ̀ tún gbóná, ìyẹn yàtọ̀, etí lè máa dùn ún, ẹ gbé e lọ sí kíníkì.

Ọ̀rọ̀ Mọ̀mí àti àgbo, mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀ torí ó ti gba ẹ̀mí àwọn ọmọ. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù ṣe, tí wọ́n ń po ewé tábà, áàyù, àlùbọ́sà àti efinrin mọ́, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn yín níbẹ̀ yẹn ti ṣèwádìí lórí ẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń dín mímí ẹ̀ kù, ọpọlọ tí gìrì ò bá bà jẹ́, ó lè bà á jẹ́. Ọmọ tó ń ta gìrì ò lè gbé nǹkan mì dáadáa náà, ohun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ. Ẹ má kí ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ ẹ̀ súnmọ́ iná, ẹ má fi ata sí i lójú. Gbogbo ìyẹn la ti rí àpá ẹ̀ lára àwọn ọmọ.

Kí ẹ bàa lè mọ̀: gìrì tí ìgbóná ara ń fà máa ń ṣe ọmọ láti oṣù 6 sí ọdún 5. Tó bá dé, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ ọrùn ẹ̀, ẹ wo aago. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló máa dá kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, tó bá kọjá márùn-ún kó má dáwọ́ dúró, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ kíá. Bó bá tiẹ̀ dá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, torí lọ́dọ̀ wa níbí ibà ẹ̀fọn lè ti gun orí ọmọ, ó sì lè jẹ́ àìsàn inú awọ ọpọlọ, àyẹ̀wò ló máa fi hàn.

Mọ̀mí kì í ṣe ọ̀tá, ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, nígbà tiwọn ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ bá wọn sọ ọ́ pé, “Mọ̀mí, ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí dókítà máa sọ.” Kí ẹ wá mú wọn dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ fún àjẹsára oṣù mẹ́sàn-án, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé níwájú wọn. Ìyá àgbà tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ funfun, òun ló máa ń padà wá bá àwọn ará àdúgbò jà lórí àgbo.

Ti ọ́tísíìmù tí Dádì Ayọ̀ kà, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wo lẹ́tà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀.

Ìbéèrè:

Ẹ káàsán mà, Lọ́ńdọ̀n la wà. Ọmọ wa ọkùnrin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà. Tó bá ti sùn wọra, ọwọ́ ẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fò pa-pa-pa, nígbà míì gbogbo ara. Ìyá mi rí i lórí fídíò kọ́ọ̀lù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń bá a ṣeré. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín o, òru ló fi ń ṣọ́ ọ. Tí kò bá sùn, àgbọ̀n ẹ̀ àti ọwọ́ máa ń gbọ̀n tó bá ń sunkún.
Bàbá Tuntun

Ìdáhùn:

Ẹ kú oríire o, Bàbá Tuntun, Ọlọ́run á wò ó. Ìbéèrè kan ni mo ní: tí ẹ bá jí i, ṣé ó ń dáwọ́ dúró? Tó bá ń dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá lajú, tí kì í sì í ṣe é rárá nígbà tí kò bá sùn, ìjìnnìjìnnì ojú oorun ọmọ tuntun ni, kò léwu, ó sábà máa ń lọ kó tó di oṣù 6, oògùn kankan ò sì tọ́ sí i. Ẹ má di ọwọ́ ẹ̀ mú láti dá a dúró lójú oorun, dídì í mú lè tún jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ẹ jí i ni. Kí ìyàwó yín sùn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni.

Ti àgbọ̀n tó ń gbọ̀n tó bá ń ké, iṣan ọmọ tuntun ò tíì gbó ló fà á. Ẹ fi ọwọ́ yín bo ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn jẹ́jẹ́, tó bá dákẹ́ lábẹ́ ọwọ́ yín, kò sí ìṣòro. Tí kò bá dákẹ́, tàbí tí kò fẹ́ mu ọmú, tí oorun ẹ̀ pọ̀ jù, ṣúgà tàbí kálíṣíọ̀mù lè ti wálẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ rí i lọ́jọ́ náà. Lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, health visitor, ìyẹn nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ọmọ tuntun, ń wá sílé, ẹ fi fídíò hàn án, ẹ pe GP, dókítà àdúgbò yín, tó bá sì jẹ́ òru, nọ́ńbà 111 wà tí ẹ lè pè, tí mímí ẹ̀ bá yí padà tàbí àwọ̀ ẹ̀ di dúdú ní ètè, 999 ni.

Ó wá ku nǹkan kan tí ẹ ò bi mí, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tó wà lókè òkun. Tí Mọ̀mí bá ń bọ̀, wọ́n á kó aṣọ ọmọ àti òfì wá láti inú àpótí, káńfọ̀ ló wà nínú àpótí yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa ni ohun tí wọ́n ń pè ní G6PD, èyí tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, dín kù lára wọn, òórùn káńfọ̀ lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa tú, ojú ẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, tí ibà pọ́njú yẹn bá sì le jù ó máa ń wọ ọpọlọ. Ọmọ tí ojú ẹ̀ pọ́n, tó ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, tí igbe ẹ̀ ti di igbe tín-ínrín, tí kò mu ọmú, ìyẹn ò ṣe é fi di ọjọ́ kejì. Wọ́n lè fọ aṣọ yẹn, kí wọ́n sá a sóòrùn títí òórùn á fi tán pátápátá, àmọ́ tèmi ni pé kí ẹ kúkú ra tuntun.

Ìbéèrè:

Ọmọ mi oṣù mọ́kànlá máa ń ju ọwọ́ méjèèjì fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ẹyẹ tó bá rí bàbá ẹ̀ tàbí oúnjẹ. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní àmì ọ́tísíìmù ni. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Tèmi, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn:

Àǹtí, inú ẹ̀ ló dùn. Ọmọ tí kò tíì lè sọ pé “Dádì ti dé”, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Ọwọ́ jíjù nìkan kì í ṣe ọ́tísíìmù, ohun tó yẹ kí ẹ wò ni bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Ṣé ó ń wo ojú yín? Tí ẹ bá pe orúkọ ẹ̀, ṣé ó ń yíjú? Ṣé ó máa ń bá yín ṣeré kí n pa ojú kí n ṣí i, tó ń rẹ́rìn-ín padà, tó ń dún bàbàbà màmàmà, tó ń na ọwọ́ pé kí ẹ gbé òun? Tó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn tó wá tún ń ju ọwọ́, ẹ bá a jù ú.

Ẹ máa wò ó lọ. Bó bá ṣe ń lọ sí ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ó yẹ kó máa fi ìka tọ́ka sí nǹkan tó fẹ́, kó sì máa tọ́ka kí ẹ̀yin náà lè wò ó. Láti oṣù 16 sí 30, ìwé ìbéèrè kan wà tí dókítà máa ń lò láti fi wá àmì ọ́tísíìmù, M-CHAT, òbí ló ń dáhùn ẹ̀, kò gba àsìkò. Àti pé lọ́jọ́ orí yòówù kó jẹ́, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, tàbí tó ti ń wojú èèyàn tí kò wò ó mọ́, ẹ má sọ pé ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ etí ẹ̀ wò, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà kì í dáhùn orúkọ.